Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Máìtì Inú Ilé, Inú Ilẹ̀ àti Ara Ènìyàn

Láti ìgbà tí a ti ní kí ẹ fi ìbéèrè ránṣẹ́ lórí máìtì, àwọn ẹ̀dá tíntìntín tó jẹ́ ìbátan aláǹtakùn, ni lẹ́tà ti ń wọlé lemọ́lemọ́. Púpọ̀ nínú yín ló ń béèrè oògùn kan ṣoṣo tí yóò pa gbogbo wọn. Kò sí irú oògùn bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń gbé abẹ́ awọ, èyí tó ń gbé abẹ́ ewé àti èyí tó wà nínú ìrọ̀rí kì í jẹ ohun kan náà, wọn kì í fara pamọ́ síbì kan náà, ọ̀nà tí a ó fi bá ọ̀kan jà kò sì ní ran èkejì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ẹnì kan sọ fún mi pé ẹsẹ̀ mẹ́fà ni máìtì ní, ẹlòmíràn ní mẹ́jọ ni. Ta ló jàre? Ẹ sì bá mi sọ ọ́ bóyá máìtì ni eégbọn tó ń so mọ́ ara ajá.

ÌDÁHÙN: Àwọn méjèèjì ló jàre. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin ní ẹsẹ̀ mẹ́fà. Ìgbà tó bá bọ́ awọ lẹ́ẹ̀kíní ni méjì tó kù máa ń yọ, mẹ́jọ náà ni yóò sì máa fi rìn títí dọjọ́ ikú. Lẹ́yìn ìgbà ìdin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà yìí, ọ̀pọ̀ máìtì ṣì ń la ipò ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó dàgbà, wọ́n á sì bọ́ awọ ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí kì í ní ju ẹsẹ̀ mẹ́rin lọ láti kékeré dé àgbà: àwọn máìtì Eriophyidae tó ń gbé lára ewé, tí ara wọn rí gbọọrọ, tí ọ̀pọ̀ wọn kò sì gùn tó 0.3 mìlímítà.

Máìtì kì í ṣe ẹbí èèrà, eṣinṣin tàbí ìdun. Aláǹtakùn àti àkéekèé ni ìbátan rẹ̀. Kò ní ìyẹ́, kò ní ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí kòkòrò fi ń tọ́ nǹkan wò, ara rẹ̀ kò sì pín sí orí, àyà àti ikùn. Ohun tó jọ orí lójú wa, ẹnu àti ohun èlò ìjẹun lásán ni. Ọpọlọ rẹ̀ wà nínú ara lẹ́yìn ẹnu náà, ojú pẹ̀lú, bí ó bá ní ojú. Máìtì ni eégbọn náà, àfi pé òun tóbi jù wọ́n lọ, gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ tó tó nǹkan bí 900 ló sì ń mu ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀yà máìtì tí àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ ti lé ní 50,000, èyí tí wọn kò tíì dárúkọ sì pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì. Wọ́n wà nínú òkun, nínú odò, lórí ilẹ̀ Antarctica. Àwọn kan ń gbé nínú òdòdó, wọ́n á kó sí imú ẹyẹ hummingbird kí ó lè gbé wọn dé òdòdó mìíràn. Dicrocheles phalaenodectes ń gbé nínú etí àfòpiná, etí kan ṣoṣo ló sì máa ń bà jẹ́. Àwọn tó bá dé lẹ́yìn á tọ ipasẹ̀ ẹni àkọ́kọ́ lọ sínú etí kan náà, kí èkejì lè máa gbọ́ ìró àdán tó ń bọ̀ wá pa àfòpiná náà jẹ. Bí àdán bá gbé àfòpiná, máìtì náà bá a lọ nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, mo kà pé máìtì ń gbé nínú ihò irun ojú ènìyàn. Ara mi kò lélẹ̀ láti ọjọ́ náà. Báwo ni mo ṣe lè lé wọn kúrò?

ÌDÁHÙN: Ẹ fọkàn balẹ̀, wọ́n ti wà lára yín tipẹ́. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2014, nígbà tí wọ́n fi DNA wá wọn, ara gbogbo àgbàlagbà tí wọ́n yẹ̀ wò ni wọ́n ti bá wọn. Méjì ni wọ́n. Demodex folliculorum tó gùn tó nǹkan bí 0.3 mìlímítà ń gbé inú ihò irun. Demodex brevis kúrú jù ú lọ, inú ẹ̀yà ara tó ń ṣe òróró awọ ló ń fara pamọ́ sí. A kì í bí wọn mọ́ ọmọ ìkókó. Ara ìyá àti àwọn tó ń gbé e ló ti ń kó wọn. Òru ni D. folliculorum ń jáde láti gùn, ojúmọ́ mọ́ ó padà sínú ihò.

Àyẹ̀wò jíìnì rẹ̀ tó jáde ní 2022 fi hàn pé ó ti pàdánù ọ̀pọ̀ jíìnì tí máìtì mìíràn ní. Ibi tó ń gbé kò ní ọ̀tá, kò ní oòrùn, oúnjẹ sì wà ní tòsí, kò sì nílò wọn mọ́. Ìwádìí yẹn kan náà ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ní ihò ìdí. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń sọ pé kò ní, pé ìgbẹ́ máa ń kún inú rẹ̀ títí tó fi máa kú. Irọ́ ni.

Kò sídìí láti lé wọn. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ jù ni wàhálà ń dé, pàápàá ní etí ìpéǹpéjú. Ẹ wo ìdí irun ìpéǹpéjú nínú dígí: bí ẹ bá rí èépá funfun tó yí ìdí irun po bí òrùka, tí ojú sì ń yún ní òwúrọ̀, ẹ lọ rí dókítà ojú. Oògùn ẹ̀kán lotilaner 0.25% ti gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2023 fún ìyẹn gan-an. Ẹ má fi òróró igi tíì tí a kò là kan ojú o, ó ń ta, ó sì lè ba ẹyinjú jẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Dókítà ní kúrúnà ló ń ṣe wá nílé. A fi kíríìmù permethrin para ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀sẹ̀ kan ti kọjá, ìyún náà kò lọ. Ṣé ayédèrú oògùn ni wọ́n tà fún wa ni?

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe kí oògùn náà ti ṣiṣẹ́. Ara yín ló ń bínú sí itọ́, ìgbẹ́ àti ẹyin Sarcoptes scabiei, máìtì kúrúnà tó wà lábẹ́ awọ, kì í ṣe rínrìn máìtì ló ń yún yín. Bí ó bá kú tán, ìdọ̀tí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí awọ òkè yóò fi ṣí kúrò, ìyún sì lè máa bá a lọ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Lára ẹni tí kò ní in rí, ìyún kì í tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ 2 sí 6 yóò fi kọjá, ẹni náà á sì ti máa kó o ran ẹlòmíràn láìmọ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ará ilé fi gbọ́dọ̀ para lọ́jọ́ kan náà, ẹni tí ara ń yún àti ẹni tí ara kò yún.

Ẹ wá yẹ ọ̀nà tí ẹ gbà lò ó wò. Kíríìmù 5% ni, àgbàlagbà kan sì máa ń lo nǹkan bí 30 gíráàmù lẹ́ẹ̀kan. Láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀ ni ẹ ó pa á dé, kì í ṣe ibi tó ń yún nìkan: àárín ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀, abẹ́ èékánná, ìdodo, abẹ́ ọmú, ojú ara àti ìdí. Ọmọ kékeré àti arúgbó á pa á mọ́ orí àti ojú, kí ó má ṣáà kan ẹyinjú àti ẹnu. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 8 sí 14 kí ẹ tó wẹ̀. Bí ẹ bá fọ ọwọ́ láàárín òru, ẹ tún un pa sí ọwọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà, torí ọwọ́ ni ihò máìtì pọ̀ sí jù.

Ohun kejì ni pé ẹ kò tíì sọ fún wa pé ẹ tún un pa. Abo máìtì ń yé ẹyin 2 sí 3 lójúmọ́, ẹyin sì ń pa lẹ́yìn ọjọ́ 3 sí 4. Ẹyin tó bá yè nígbà àkọ́kọ́ á ti di ìdin lẹ́yìn ọjọ́ 7. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ para lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n tó dàgbà tó láti yé ẹyin tiwọn. Bí dókítà bá fún yín ní ivermectin, oògùn tí a ń gbé mì, dípò rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni òun náà, máíkírógíráàmù 200 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn wọ̀n, pẹ̀lú oúnjẹ, kí ọjọ́ 7 sí 14 wà láàárín. Wọn kì í fún ọmọ tí kò tó kílò 15 tàbí aláboyún. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì kì í lo permethrin. Òróró ìpara tí wọ́n po imí ọjọ́ mọ́ ni dókítà sábà máa ń fún un.

Ní ti aṣọ, kò sídìí láti dáná sun nǹkan kan. Máìtì yìí kì í pẹ́ ju ọjọ́ 2 sí 3 lọ tó bá kúrò lára ènìyàn. Aṣọ, aṣọ ìbora àti táwẹ́lì tí ẹ lò láàárín ọjọ́ 3 ṣáájú ìtọ́jú, ẹ fi omi tó gbóná tó 60°C fọ̀ ọ́. Èyí tí kò ṣeé fọ̀, ẹ di í sínú ọ̀rá fún ọ̀sẹ̀ kan. Fífọ́n oògùn sí ògiri kò wúlò. Kúrúnà tó ń hu èépá nípọn lára aláìsàn tàbí arúgbó tí ara rẹ̀ kò lágbára yàtọ̀ pátápátá: lára ẹlòmíràn, máìtì 10 sí 15 péré ló wà, lára irú ẹni yìí wọ́n lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kódà mílíọ̀nù. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ewé àwọn òdòdó inú ìkòkò mi ń ní àmì funfun tó-tò-tó, òwú tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lábẹ́ wọn. Mo fọ́n oògùn kòkòrò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ńṣe ni wọ́n ń pọ̀ sí i.

ÌDÁHÙN: Tetranychus urticae ló ṣeé ṣe kó jẹ́, máìtì tó ń ta òwú bí aláǹtakùn, tó lè jẹ ewéko tó lé ní 1,000 ẹ̀yà. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ gbé bébà funfun sábẹ́ ewé, kí ẹ gbọn ewé náà sí i, kí ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10 wò ó. Bí àmì kékeré tó bọ́ sílẹ̀ bá ń rìn, tí ó sì ní àbàwọ́n dúdú méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun nìyẹn. Bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ọsàn ni yóò fi sílẹ̀.

Ìdí mẹ́ta ló fà á tí wọ́n fi ń pọ̀ sí i. Èkíní, ọ̀pọ̀ oògùn tó ń pa kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà kì í pa máìtì. Èkejì, àwọn oògùn bíi pyrethroid ń pa máìtì mìíràn tó ń pa T. urticae jẹ, bí ẹni lé ọdẹ kúrò lójúde tí olè sì wà nínú ilé. Ẹ̀kẹta, ara rẹ̀ tètè ń mọ oògùn. Nígbà tí ooru bá tó 30°C, kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ láti ẹyin dé àgbà, abo kan sì lè yé ẹyin tó lé ní 100. Abo tí kò rí akọ náà ń bímọ: ẹyin tí akọ kò fọwọ́ kàn á di akọ, ìyá á sì lè bá ọmọ rẹ̀ gùn láti bí abo. Ẹyọ kan ṣoṣo tí oògùn kò pa ti tó láti dá ìdílé sílẹ̀.

Ẹ gbé ìkòkò náà kúrò láàárín àwọn yòókù. Ẹ gé ewé tó ti bàjẹ́ jù, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ má jù ú sílẹ̀ ní tòsí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára fọ abẹ́ ewé. Omi nìkan ń gbé ọ̀pọ̀ lọ, ó sì ń ya òwú tí wọ́n fi ń bo ẹyin. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ti lọ, ẹ po ọṣẹ olómi tí a ṣe fún ewéko, mílílítà 10 sí 20 sínú lítà omi 1, kí ẹ fọ́n ọn sí abẹ́ ewé títí yóò fi máa kán. Ọṣẹ náà kì í pa máìtì tí kò bá kàn án, bẹ́ẹ̀ ni kì í pa ẹyin dáadáa. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ 5 sí 7 lẹ́yìn náà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ewé kan, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì; ọṣẹ ìfọṣọ lè jó ewé, ẹ má lò ó rárá.

Bí ọgbà yín bá tóbi, máìtì Phytoseiulus persimilis ni ẹ wá rà. T. urticae àti àwọn ẹbí rẹ̀ nìkan ló ń jẹ. Ẹ tú u sílẹ̀ nígbà tí wọn kò tíì pọ̀, ní ibi tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ti lé ní 60%. Níbi tó bá gbẹ jù, ẹyin rẹ̀ kì í pa. Bí ó bá jẹ wọ́n tán, ebi á pa òun náà, á sì lọ, nítorí náà ẹ ó tún un rà bí wọ́n bá padà.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí. Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fi ojú ara wọn rí máìtì inú ilẹ̀, ṣùgbọ́n owó ẹ̀rọ kò sí. Báwo la ṣe lè ṣe é?

ÌDÁHÙN: Inú wa dùn sí ìbéèrè yìí, torí inú ilẹ̀ ni máìtì ti pọ̀ jù. Lábẹ́ ewé jíjẹrà inú igbó, mítà kan níbùú lóròó lè ní máìtì tó lé ní 100,000. Oribatida ló pọ̀ jù nínú wọn: wọ́n ń jẹ ewé jíjẹrà àti olú tíntìntín, wọ́n ń fọ́ ewé náà wẹ́wẹ́ kí bakitéríà lè ráyè ṣiṣẹ́. Ara wọn le koko, àwọn kan á ká ẹsẹ̀ wọn sínú, wọ́n á pa ara dé bí àpótí.

Ohun tí ẹ ń wá ni àrọ Berlese. Antonio Berlese ló ṣe é ní Ítálì ní 1905, Albert Tullgren sì fi iná mànàmáná kún un ní 1918. Ohun tó ń ṣe kò ju pé ó ń gbẹ ilẹ̀ láti òkè wá. Máìtì á máa sá tẹ̀ lé ọ̀rinrin lọ sísàlẹ̀ títí yóò fi já bọ́.

Ẹ gé orí ìgò ike lítà 2 kan, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, àrọ yín nìyẹn. Ìsàlẹ̀ ìgò náà á dúró bí ife tó gbé e. Ẹ tẹ́ nẹ́ẹ̀tì wáyà tí ojú rẹ̀ tó mìlímítà 2 sínú àrọ náà. Sínú ife ìsàlẹ̀, ẹ bu sípírítì 70% tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 2. Èyí tó bá lágbára ju 80% lọ á mú kí wọ́n gan, ẹsẹ̀ wọn á sì máa kán. Ẹ bu ewé jíjẹrà àti ilẹ̀ òkè tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tí ó ní ọ̀rinrin ṣùgbọ́n tí omi kò máa ṣẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ dà á sórí nẹ́ẹ̀tì náà díẹ̀díẹ̀, kí ó má ga ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Ohun tó bá kọ́kọ́ já bọ́, eruku ni. Torí náà ẹ da ilẹ̀ náà sí i kí ẹ tó gbé ife sípírítì sábẹ́ rẹ̀.

Gílóòbù wáàtì 25, irú ti àtijọ́ tó máa ń gbóná, ni kí ẹ fi kọ́ sókè rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 15 sí ilẹ̀ náà. LED kì í gbóná tó. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bà á jẹ́ nìyí: wọ́n á gbé iná tó gbóná jù sún mọ́ ọn kí ó lè yá. Òkè á gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀, àwọn tó yára á sá jáde, Oribatida tí kì í kánjú á kú sínú ilẹ̀, ẹ ó sì rò pé wọn kò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, ẹ gbé iná náà jìnnà, tàbí kí ẹ má tàn án rárá, kí ẹ wá máa sún un mọ́ díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ kejì àti ìkẹta. Ọjọ́ 3 sí 7 ló ń gbà. Ẹ má fi í sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ewé gbígbẹ ni, iná ni, sípírítì sì wà nísàlẹ̀.

Ẹ da sípírítì náà sínú àwo funfun tí kò jìn. Awò ìlọ́po 20 á fi wọ́n hàn, ṣùgbọ́n máíkírósíkópù ìlọ́po 40 ló dára. Àwọn tó rí roboto, tó ń dán, tó ní àwọ̀ igi, Oribatida ni. Àwọn aláwọ̀ ilẹ̀ pẹlẹbẹ tí ẹsẹ̀ wọn gùn, Mesostigmata tó ń dọdẹ ni. Ohun gígùn tó ní ìwo lórí kì í ṣe máìtì. Bí ẹ bá fẹ́ kí ara tó dúdú mọ́ kedere, ẹ fi í sínú lactic acid fún ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ kan.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ìdílé kan ni gbogbo máìtì? Àwọn wo ló sì kọ́kọ́ wà, àwọn tó ń jẹ ara ẹlòmíràn ni àbí àwọn tó ń dá jẹun?

ÌDÁHÙN: Àwọn tó ń dá jẹun ni. Nínú òkúta Rhynie ní Scotland, tó ti tó nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 410, wọ́n rí máìtì tó ti di òkúta, wọ́n sì jọ àwọn kan tó ń gbé inú ilẹ̀ títí dòní. Láti ibẹ̀ ni gbígbé ara ẹlòmíràn ti ṣẹlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lọ́pọ̀ ìgbà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìtẹ́ ẹyẹ jẹ́ ọ̀nà kan: máìtì tó ń jẹ èérún awọ àti ìyẹ́ inú ìtẹ́ kò ní ìrìn àjò gígùn kí ó tó máa jẹ ẹ́ lára ẹyẹ fúnra rẹ̀.

Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti gbà pé ẹni tó bá ti di afòmọ́ pátápátá kò lè padà. Ní 2013, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Michigan fi DNA nǹkan bí 700 ẹ̀yà máìtì ṣe ìwádìí, ó sì hàn pé máìtì inú eruku ilé wá látọ̀dọ̀ àwọn tó ti jẹ́ afòmọ́ ara ẹyẹ àti ẹran, tí wọ́n tún padà sí dídá jẹun nínú ìtẹ́, lẹ́yìn náà nínú ilé wa.

Ní ti ìdílé, ẹgbẹ́ ńlá méjì ni wọ́n. Eégbọn àti Varroa tó ń yọ oyin lẹ́nu wà nínú Parasitiformes. Máìtì kúrúnà, ti eruku, ti ojú, ti ewé àti Oribatida wà nínú Acariformes. Bóyá ìyá kan náà ló bí ẹgbẹ́ méjèèjì, àbí ọ̀kan súnmọ́ àwọn ẹbí aláǹtakùn mìíràn ju bí ó ṣe súnmọ́ èkejì lọ, àríyànjiyàn ṣì ń lọ lórí ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń sin oyin. Báwo ni mo ṣe lè mọ iye Varroa inú ilé oyin láì pa oyin?

ÌDÁHÙN: Ṣúgà lẹ́búlẹ́bú ni. Ẹ mú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ tó mìlímítà 3 rọ́pò ìdérí. Láti orí afárá tí ọmọ oyin wà, ẹ bu oyin tó kún mílílítà 120, èyí jẹ́ nǹkan bí 300. Ẹ kọ́kọ́ wá ayaba oyin kí ó má bá wọn wọ̀ ọ́. Ẹ da ṣíbí ìjẹun 2 ṣúgà náà sí i, kí ẹ yí ìgò náà fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ wá dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ gbọn ọ́n sínú àwo funfun títí nǹkan kan kò fi ní já bọ́ mọ́. Ẹ wọ́n omi sí ṣúgà náà kí ó yọ́, kí ẹ ka àwọn pupa rúsúrúsú tó kù. Ẹ fi 3 pín in: iye tó wà lára oyin 100 nìyẹn. Bí ó bá ti tó 3, ẹ má fi falẹ̀. Ẹ dá oyin náà padà, wọ́n á lá ara wọn mọ́.

Ṣúgà tó ti gbọ̀rinrin kì í gbọn máìtì sílẹ̀, iye yín á sì kéré ju bó ṣe rí lọ. Ẹ sì rántí pé èyí tó wà lára oyin nìkan lẹ kà. Ọ̀pọ̀ ló wà nínú ihò tí oyin ti bò, níbi tí ìyá Varroa ti ń yé ẹyin akọ kan, lẹ́yìn náà ẹyin abo kan ní nǹkan bí wákàtí 30 síra. Oxalic acid, ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí a fi ń pa Varroa, kì í wọ inú ihò tí wọ́n ti bò. Ìgbà tí kò bá sí ọmọ oyin ló wúlò jù. Formic acid, oògùn mìíràn, ń wọ̀ ọ́. Irú èyí tí òfin gbà níbi tí ẹ wà àti ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti awò ojú.

ÌBÉÈRÈ: Àyẹ̀wò fi hàn pé máìtì inú eruku ló ń ru asíìmà ọmọ mi sókè. Mo fọ́n oògùn sí mátírẹ́ẹ̀sì, kò sí ìyàtọ̀.

ÌDÁHÙN: Ìgbẹ́ wọn ló ń ṣe ọmọ yín ní ibi ju àwọn fúnra wọn lọ. Máìtì kan lè yàgbẹ́ tó 20 ẹyọ lójúmọ́, bí oògùn bá sì pa á, ìgbẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wá ìbòrí tó wé mátírẹ́ẹ̀sì àti ìrọ̀rí po yíká, tí sípù rẹ̀ ń tì, tí ihò aṣọ rẹ̀ kò ju máíkírọ́ọ̀nù 6 lọ. Ẹ máa fi omi 60°C fọ aṣọ ibùsùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Omi tútù ń fọ ìgbẹ́ kúrò, ṣùgbọ́n kì í pa máìtì. Ohun ìṣeré onírun tí kò ṣeé fi omi gbígbóná fọ̀, ẹ fi sínú fírísà fún ó kéré tán wákàtí 24, kí ẹ wá fi omi tútù fọ̀ ọ́.

Máìtì yìí kì í mu omi. Inú afẹ́fẹ́ ló ti ń fa ọ̀rinrin, nítorí náà bí ẹ bá lè jẹ́ kí ọ̀rinrin yàrá wà lábẹ́ 50% fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, wọ́n á máa gbẹ kú. Ẹ ra aago kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin, ẹ má fi ojú lásán díwọ̀n rẹ̀. Oògùn dókítà kò gbọ́dọ̀ dúró nítorí gbogbo èyí o.

ÌBÉÈRÈ: Lẹ́yìn òjò, a rí ohun pupa kan tí ara rẹ̀ dán bí àrán tó ń rìn nílẹ̀. Ṣé ó ń ṣeni léṣe?

ÌDÁHÙN: Máìtì Trombidiidae ni, ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù, àwọn kan lára wọn gùn tó sẹ̀ǹtímítà 1. Àgbà rẹ̀ ń jẹ ẹyin kòkòrò, ìdin rẹ̀ ń so mọ́ ara tata àti kòkòrò mìíràn. Kì í bu ènìyàn jẹ. Ìbátan rẹ̀, Trombiculidae, lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún: ìdin rẹ̀ tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ń so mọ́ awọ, itọ́ rẹ̀ ń yọ́ awọ náà kí ó lè fà á mu, ní ilẹ̀ Éṣíà sì ni àwọn Leptotrombidium kan ti ń kó àrùn ibà scrub typhus ran ènìyàn. Kì í wọ inú awọ, torí náà ẹ má fi abẹ́rẹ́ wá a. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ara dáadáa ní kété tí ẹ bá ti inú koríko gígùn dé, kí ẹ sì fọ aṣọ tí ẹ wọ̀ lọ.